Kẹ̀kẹ́ Alápáàdì Lójú Ọ̀nà Ṣàkẹ́tẹ́

Ìyá àgbà mi gbé ìkòkò tuntun kan lé itan, ó fi ìka kàn án ní ikùn gẹ́gẹ́ bí ó ti máa ń ṣe kí ó tó tà á, ó gbọ́ ohùn rẹ̀ pé ó jinná, ó sì fi ọmọ ọlọ lù ú. Ìkòkò náà là sí méjì. Ó ju ìdí rẹ̀ sẹ́yìn, ó fọ́ ìyókù sí wẹ́wẹ́, ó ń ṣa èyí tí ó tẹ́ pẹrẹsẹ sí apá ọ̀tún, èyí tí ó tẹ̀ bí ọrun sí apá òsì. Lẹ́yìn náà ó nawọ́ mú òmíràn. Àwa ọmọ ilé dúró sábẹ́ igi ọsàn, à ń wò ó. Gbogbo wa ni a mọ ohùn ìkòkò tí ó fọ́, nítorí pé igbe àti ìgbájú ni ó máa ń tẹ̀lé e. Ní àárọ̀ ọjọ́ yẹn, kò sí igbe. Ìkòkò á dún, ilé á dákẹ́, òmíràn á tún dún.

Ìkòkò ọjà Ṣàkẹ́tẹ́ ni wọ́n. Ìyàwó kékeré tí baálé ilé wa fẹ́ jáde láti ilé ìdáná, ó gbé ọwọ́ lé ẹnu.

"Ìyá wa, ẹ ò ní ta wọ́n mọ́ ni?"

"Mo ti tà wọ́n."

"Ta ló rà wọ́n?"

"Ẹni tó máa ń bá mi gbé wọn lọ ni."

Obìnrin náà wọlé padà. Ẹni tí ó máa ń bá a gbé wọn lọ ti kú. Àbíkẹ́yìn Ìyá àgbà ni, àbúrò bàbá mi. Òun ni ó yára jù lórí kẹ̀kẹ́ láti Pobẹ̀ títí dé etí òkun, ní ìgbà tí àwọn Faransé ṣì ń jọba lórí wa. N kò ní dárúkọ rẹ̀ níbí. Ọ̀pọ̀ ènìyàn ni ó ń fi orúkọ yẹn ṣe nǹkan lónìí, n kò sì fẹ́ kún wọn lọ́wọ́.

Ilé wa ní Pobẹ̀ kì í ṣàìrùn èéfín ní ìgbà ẹ̀ẹ̀rùn. Apá Ìsabà ni Ìyá àgbà ti ń wa amọ̀, amọ̀ dúdú tí ó máa ń là gbàgà bí òjò bá lọ, tí ó sì máa ń gbé bàtà mì bí òjò bá dé. Yóò gún un, yóò fi ẹsẹ̀ tẹ̀ ẹ́, yóò sì máa yí ìkòkò ká fúnra rẹ̀, òun ni yóò máa rìn yí i po, tí ìkòkò yóò dúró sójú kan. Mo ṣì ń gbọ́ ìró ẹsẹ̀ rẹ̀ nínú eruku, ẹsẹ̀ tí kì í yára, tí kì í sì í dúró. Bí àwọn ìkòkò bá gbẹ, yóò tò wọ́n jọ ní gbangba, yóò fi imọ̀ ọ̀pẹ àti koríko bò wọ́n, yóò sì tiná bọ̀ wọ́n. Bí wọ́n bá pọ́n bí ẹ̀yinná, yóò fi igi fà wọ́n jáde, yóò wọ́n omi èèpo igi sí wọn lára, wọn yóò sì ké ṣìì. Òórùn yẹn, òórùn ewé gbígbẹ àti omi kíkorò lórí amọ̀ gbígbóná, bí ó bá tẹ mí nímú níbikíbi, ilé ni mo wà.

Ẹ̀yìn kẹ̀kẹ́ ni àbúrò bàbá mi fi ń kó ìkòkò wọ̀nyẹn lọ sí Ṣàkẹ́tẹ́. Ó fi igi kan àtẹ ńlá kan mọ́ ẹ̀yìn kẹ̀kẹ́, ó máa ń fi koríko sáàárín ìkòkò, á wá fi okùn ọ̀pẹ hun àwọ̀n bò wọ́n, ẹrù náà á ga ju orí rẹ̀ lọ. Kò gbọ́dọ̀ já sí kòtò, kò gbọ́dọ̀ tẹ ìjánu lójijì, kò sì gbọ́dọ̀ rìn jẹ́jẹ́ jù, nítorí pé kẹ̀kẹ́ tí ó ru ẹrù tó bẹ́ẹ̀ yóò dà wó bí kò bá sáré. Ọ̀nà eléruku pupa ni, ó ní òkè, ó ní gẹ̀rẹ́gẹ̀rẹ́. Nítorí náà nígbà tí wọ́n kéde eré kẹ̀kẹ́, tí ó sì fi orúkọ sílẹ̀, àwọn ọmọ akọ̀wé tí wọ́n ní kẹ̀kẹ́ tuntun fi í ṣẹ̀sín.

"Oníkòkò, níbo lo máa gbé ọjà rẹ sí?"

"Mo gbé e sílẹ̀ fún ìyá ẹ," ni ó dáhùn. Ìgbà tí ìbọn dún, ẹ̀yìn rẹ̀ ni wọ́n ń wò títí tí eré náà fi parí. Ẹni tí ó ti ń ru àtẹ ìkòkò gun òkè láti kékeré, ẹ gbé ẹrù kúrò lẹ́yìn rẹ̀, kí ni ẹ rò pé yóò ṣẹlẹ̀?

Mo fẹ́ kí ẹ mọ bí wọ́n ṣe ṣe lọ́jọ́ yẹn, nítorí pé ibẹ̀ ni ìbínú mi ti bẹ̀rẹ̀. Wọ́n gbé e lé èjìká láti ẹnu ibodè títí dé ẹnu ọ̀nà ilé wa. Baálé, ẹni tí ó jẹ́ ẹ̀gbọ́n bàbá àgbà mi, da sódábì, ògógóró ilẹ̀ wa, sí ilẹ̀, ó mu ìyókù, ó ń pariwo fún gbogbo ẹni tí ń kọjá pé, "Ọmọ wa ni. Ọmọ ilé yìí ni." Ife ẹ̀yẹ tí kòmáńdà Faransé fún un, yàrá baálé ni wọ́n gbé e sí, kí àlejò lè máa rí i. Ọdún tí ó tẹ̀lé e, ó tún gbé òmíràn dé. Yàrá baálé náà ni. Inú Ìyá àgbà dùn, ó sì ń mọ ìkòkò rẹ̀.

Eré tí ó kú sí, láti Ṣàkẹ́tẹ́ ni wọ́n ti ń bọ̀, Pobẹ̀ ni yóò parí sí. Ó ti fi gbogbo wọn sílẹ̀. Ní gẹ̀rẹ́gẹ̀rẹ́ kan tí igbó ọ̀pẹ pọ̀ sí, ọkọ̀ akẹ́rù kan tí kò yẹ kí ó wà lójú ọ̀nà bọ́ síwájú rẹ̀ lójijì. A wà nídìí ìlà ìparí eré, àwa ọmọdé, a mú imọ̀ ọ̀pẹ dání láti fì í sí i. Àwọn tí ó wà lẹ́yìn rẹ̀ ló kọ́kọ́ dé, ẹsẹ̀ ni wọ́n fi ń rìn, wọ́n ń ti kẹ̀kẹ́ wọn. Lẹ́yìn wọn ni ọkọ̀ tí ó gbé e dé.

Ọkọ̀ náà dúró sí ẹnu ọ̀nà ilé wa. Baálé jáde, ó na ọwọ́ méjèèjì sí ẹ̀gbẹ́ ògiri bí ẹni tí ń tìlẹ̀kùn.

"Ẹ má gbé e kọjá ibẹ̀ yẹn," ni ó wí. "Ojú ọ̀nà ni ó kú sí. Ẹ mọ̀ pé a kì í gbé irú rẹ̀ wọlé. Ẹ dá a padà síbi tí ó ti ṣubú, kí ẹ sin ín síbẹ̀."

Ìyá àgbà kúnlẹ̀. Ìyàwó ilé ni, baálé sì ni ọkọ rẹ̀ nínú ẹbí, kò lè dúró sọ̀rọ̀. Ṣùgbọ́n ohùn rẹ̀ kò kúnlẹ̀.

"Ọkọ mi, yàrá yín ni ife rẹ̀ wà."

"Ìyàwó, ọ̀rọ̀ ife kọ́ là ń sọ."

"Òun ni mò ń sọ. Ẹ gbé ife wọlé. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ gbé ẹni tó gbà á wọlé."

"Bàbá mi kò ṣe é, bàbá bàbá mi kò ṣe é. Ṣé nítorí ọmọ tìrẹ la ó ṣe ba ilé jẹ́?"

"Nígbà tó gbẹ̀yẹ, ọmọ ilé ni ẹ pè é. Ẹ̀yin ọkọ mi, ìgbà wo ló di ọmọ tèmi?"

Bàbá mi wà níbẹ̀, ó ń wo ilẹ̀. Awakọ̀ ń wo ojú oòrùn. Nígbẹ̀yìn, wọ́n yí ọkọ̀ padà, àwọn ọkùnrin mú ọkọ́ àti àdá, wọ́n sì sin akọni ìlú sí ẹ̀gbẹ́ títì bí ẹni tí kò ní ilé. Mo ti di arúgbó, mo ti rí ọ̀pọ̀ ohun tí kò dára, ṣùgbọ́n bí mo bá rántí ọwọ́ méjì tí ó na sí ẹ̀gbẹ́ ògiri yẹn, ara mi á gbóná.

Òfin kejì tún wà. Lọ́dọ̀ wa, ìyá kò gbọ́dọ̀ mọ ibi tí wọ́n sin ọmọ rẹ̀ sí. Wọ́n kìlọ̀ fún gbogbo àwọn obìnrin pé ẹni kan kò gbọ́dọ̀ júwe ibẹ̀ fún un. Wọ́n ti gbàgbé ohun kan. Ọ̀nà Ṣàkẹ́tẹ́ ni wọ́n sin ín sí, ọ̀nà yẹn náà ni Ìyá àgbà ń gbà lọ sọ́jà. Erùpẹ̀ tuntun wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ títì, gbogbo ayé ń rí i. Nígbà tí wọ́n rántí, wọ́n ránṣẹ́ sí i pé kí ó máa gba ọ̀nà oko lọ sí ọjà, ọ̀nà tí ó fi ìlọ́po méjì jìn. Obìnrin tí ó ń ru ìkòkò. Èsì tí ó fún wọn ni àwọn ìkòkò tí mo sọ pé ó ń fọ́ ní àárọ̀ yẹn.

Ó kó àpáàdì náà sínú agbọ̀n, ó pín in fún àwa ọmọ, ó sì ní kí ẹni tí ó bá ń bẹ̀rù dúró sílé. Gbogbo wa la tẹ̀lé e. Nígbà tí a dé ibẹ̀, kò sunkún, kò sì dojú bolẹ̀. Ó tẹ́ ilẹ̀ náà pẹrẹsẹ, ó fi omi rin ín, ó fi ẹsẹ̀ tẹ̀ ẹ́ bí ó ti máa ń tẹ amọ̀. Ó kan èèkàn kékeré mọ́lẹ̀, ó so okùn mọ́ ọn, ó sì fi igi sí ẹnu okùn fa ìlà yípo. Ó ṣe bẹ́ẹ̀ ní apá kejì. Lẹ́yìn náà ó bẹ̀rẹ̀ sí í ri àpáàdì mọ́lẹ̀ ní ìnàró, èyí tí ó tẹ̀ bí ọrun sí orí ìlà, èyí tí ó tẹ́ láti àárín lọ sí etí, bí irin tẹ́ẹ́rẹ́ inú ẹsẹ̀ kẹ̀kẹ́. Òkúta ló fi ń lù wọ́n wọlẹ̀, kọ̀, kọ̀, kọ̀. Ọlọ́jà ń kọjá, wọ́n ń yà fún wa. Ó fi èyí tí iná ti sọ di dúdú ṣe egungun kẹ̀kẹ́ láàárín ẹsẹ̀ méjèèjì, ó ṣe ìjókòó, ó ṣe ọwọ́ rẹ̀.

Mo bi í pé, "Ìyá àgbà, kí ló dé tí ẹsẹ̀ iwájú fi kọjú sí Pobẹ̀?"

"Ibo ló ń lọ?"

"Pobẹ̀."

"Kí lo wá ń bi mí? Wọ́n ní kò gbọ́dọ̀ wọlé. Èmi ò sọ pé ó wọlé. Mo ní ó ń bọ̀."

Wọ́n pè é lẹ́jọ́, dájúdájú. Àwọn àgbà jókòó sábẹ́ ìbòòrùn baálé, wọ́n fi ìyá náà sílẹ̀ lórí eékún títí tí òjìji fi kúrò lórí rẹ̀.

Baálé ní, "Ta ló ní kí o mọ ojú oórì ọmọ rẹ?"

"Ẹ̀yin ni, ọkọ mi. Ẹ sin ín sójú ọ̀nà ọjà."

Ẹnì kan wúkọ́ láti fi bo ẹ̀rín. Baálé ní wọn yóò tú gbogbo rẹ̀ ká.

"Ẹ tú u," ni ó wí. "Mo ṣì ní amọ̀. Ṣùgbọ́n ẹ fi ọwọ́ ara yín tú u. Ẹ má rán ọmọdé, ẹ má rán àlejò. Kí n rí ẹni tí yóò lọ fọwọ́ kan oórì ẹni tí ojú ọ̀nà pa, kí ó wá wọ ilé yìí wẹwọ́, kí ó jẹun."

Wọ́n wo ara wọn. Òfin tí wọ́n fi lé ọmọ rẹ̀ jáde ni ó dè wọ́n lọ́wọ́. Kò sí ẹni tí ó lọ. Ìyá àgbà dìde, ó gbọn eruku eékún rẹ̀ nù, ó padà sídìí ìkòkò.

Títí tí ó fi kú, bí òjò bá ti lọ, yóò lọ ri àwọn tí omi ti gbé sókè padà. Ó tún kọ́ mi, mo sì mọ̀ ọ́n títí dòní. Àwọn awakọ̀ tí wọ́n jókòó sókè nínú ọkọ̀ akẹ́rù máa ń rí i dáadáa ju àwa tí a ń fẹsẹ̀ rìn lọ: kẹ̀kẹ́ kan tí ó dùbúlẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ títì, pupa àti dúdú. Wọ́n á dín eré kù. Ẹlẹ́kẹ̀kẹ́ á tẹ aago. Nígbà tí wọ́n da ọ̀dà sí títì, awakọ̀ katakata tí kò tilẹ̀ gbọ́ èdè wa yà fún un. Ìgbà tí mo wà ní yunifásítì, láyé àtijọ́, olùkọ́ kan fi àwòrán àwọn àgbàlá àtijọ́ hàn wá, tí a fi àpáàdì tẹ́ láti ọ̀pọ̀ ọdún sẹ́yìn, gbogbo kíláàsì ń mí kanlẹ̀ pé ó dára. Mo jókòó sẹ́yìn, mo ń wo ọwọ́ mi.

Ní ìgbà ọyẹ́ tí ó kọjá yìí, wọ́n ránṣẹ́ pè mí. Ìgbìmọ̀ kan ti dìde nínú ẹbí wa. Wọ́n fẹ́ dá eré kẹ̀kẹ́ kan sílẹ̀ ní orúkọ àbúrò bàbá mi, kí àwọn ènìyàn ńlá lè wá láti Kútọnu. Olórí ìgbìmọ̀ náà ni ọmọ baálé ọjọ́sí, ọmọ ẹni tí ó na ọwọ́ sí ẹ̀gbẹ́ ògiri. Òun náà ti ń hu ewú. Èmi ni mo dàgbà jù nínú ẹbí báyìí, wọn kò sì lè fọwọ́ kan sàréè láìjẹ́ pé mo gbà. A pàdé níbẹ̀, lẹ́gbẹ̀ẹ́ títì, àwọn ọkọ̀ tí ó kó sìmẹ́ǹtì láti Onígbólò ń gbá wa ní atẹ́gùn bí wọ́n ti ń kọjá.

"Ẹ̀gbọ́n, ẹ wò ó," ni ó wí, ó fi bàtà tọ́ka sí i. "Ó ti di àkìtàn. Ṣé àpáàdì la ó fi han àlejò? A ó kó gbogbo rẹ̀ dànù, a ó fi káróò funfun, táìlì tó ń dán, mọ ọ́n, a ó fi fọ́tò sí i, a ó kọ orúkọ àwọn tó dáwó sábẹ́. A ó sì yí i kí ó kọjú sí títì, kí fọ́tò lè dára."

"Ẹ fẹ́ bu ọlá fún un."

"Bẹ́ẹ̀ ni, ẹ̀gbọ́n. Ọmọ wa ni."

Ọ̀rọ̀ yẹn gan-an ni ó sọ. Mo di ọ̀pá mi mú.

"Ọ̀nà kan ló wà," ni mo wí. "Ẹ gbé egungun rẹ̀ wọlé. Ẹ sin ín sí ìyẹ̀wù bàbá rẹ̀. Tí ẹ bá ṣe ìyẹn, ẹ fi káróò mọ gbogbo ilé, mi ò ní sọ̀rọ̀."

Ó wo àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀. Wọ́n ti lọ sí ilé ìwé, gbogbo wọn. Wọ́n ní tẹlifóònù lọ́wọ́, òmíràn nínú wọn ní ìwé ìrìnnà Faransé.

"Ẹ̀gbọ́n, ẹ mọ̀ pé a kì í ṣe é," ni ó wí, ohùn rẹ̀ ti rẹlẹ̀.

Ẹ jẹ́ kí n tún un sọ fún ẹni tí kò bá gbọ́. Wọ́n fẹ́ orúkọ rẹ̀. Wọ́n fẹ́ fọ́tò rẹ̀ àti àlejò rẹ̀ láti Kútọnu. Ara rẹ̀ ṣì ni wọn kò fẹ́. Ohun kan ṣoṣo tí ẹnì kan fi ìfẹ́ ṣe fún un ni wọ́n sì fẹ́ kó dànù, kí a má bàa rí i pé wọ́n lé e.

Mo ní n kò gbà. Mo yí padà sí ọ̀dọ̀ ọlọ́kadà tí ó gbé mi wá. Ẹ̀yìn mi ni mo ti gbọ́ ọ̀kan nínú àwọn ọ̀dọ́ wọn, kò tilẹ̀ rọra sọ ọ́: "Ẹ jẹ́ ká ní sùúrù. Bàbá ti dàgbà."

Mo padà. Mo lọ dúró sí ẹ̀gbẹ́ kẹ̀kẹ́ náà, mo fi ọ̀pá mi fa ìlà sínú eruku, ó gùn tó mi.

"Ibí ni ẹ ó gbẹ́ tèmi sí."

"Ẹ̀gbọ́n, ẹ má sọ bẹ́ẹ̀," ni ọmọ baálé wí. "Orí bẹ́ẹ̀dì yín lẹ ó kú sí. Inú ilé la ó sin yín sí."

"Kí ni yóò ṣe tí ẹ bá gbé mi síbí?"

"Àwọn ènìyàn á máa sọ pé a lé yín nílé."

"Ṣé ó burú bẹ́ẹ̀?"

Ó ń wo bàtà rẹ̀. Mo dúró dè é pẹ́, nítorí mo fẹ́ kí ó dáhùn. Ọkọ̀ akẹ́rù kan kọjá, eruku rẹ̀ bò wá, ó lọ, síbẹ̀ kò dáhùn.

Mo ti sọ fún àwọn ọmọ mi. Àkọ́bí mi, obìnrin, sunkún, ó ní kí ni òun yóò sọ fún ìjọ, kí ni òun yóò sọ fún àwọn àna òun. Mo ní kí ó sọ fún wọn pé kí wọ́n bi ẹbí wa léèrè. Ọmọkùnrin mi kò fẹ́ràn rẹ̀, ṣùgbọ́n ó ti búra fún mi. Bí wọ́n bá fẹ́ kó àpáàdì dànù lẹ́yìn mi, wọn yóò kọ́kọ́ kọjá lórí sàréè bàbá ọmọ tí ó ṣì wà láàyè, tí ó sì lè béèrè lọ́wọ́ wọn.

Àwọn ènìyàn máa ń rò pé bí ènìyàn bá dàgbà, ìbínú á tú lára rẹ̀. Tèmi kò tú. Mo ka ìwé, mo ṣiṣẹ́, mo bímọ, mo sin ọ̀pọ̀ òkú, mo dárí ji ọ̀pọ̀ ènìyàn tí wọ́n ṣẹ̀ mí. Èyí nìkan ni n kò lè dárí jì, nítorí kì í ṣe èmi ni wọ́n ṣẹ̀. Láti ọwọ́ obìnrin kan tí ó wà lórí eékún ni mo ti gba ìbínú yìí, ó mọ́, kò sì ní ariwo. Bí mo bá ti jí láàárọ̀, kí n tó gbúròó ẹnikẹ́ni nínú ilé, mo máa ń wò ó bóyá ó ṣì wà. Ó ṣì wà. Mà á wá dìde.